Nọ́ọ̀tì Ṣáàfù Tó Kọ̀ Tí Kò Tú: Bí Ẹ Ṣe Lè Tú U Nílé Láìba Ṣáàfù Jẹ́

Bẹ́árìnì iwájú ọ̀tún (ohun tí táyà ń yí lé lórí) Corolla 2005 mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ìgbà tí bàálù bá ń bọ̀ lókèèrè. Tí mo bá yí ọwọ́ ọkọ̀ sí òsì, ìkùn náà á le sí i. Tí mo bá yí i sí ọ̀tún, á rọlẹ̀. Mo ra bẹ́árìnì tuntun, mo ya Sátidé kan sọ́tọ̀, mo sì ti fọkàn sí i pé kí oòrùn tó kan àtàrí, iṣẹ́ á ti parí. Aago méjì ọ̀sán lù, mo ṣì wà nídìí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, ti ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń gbé agbára láti gíà lọ yí táyà. Ọ̀pá sọ́kẹ́ẹ̀tì mi ti tẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó. Nígbà tó wá tú, òun àti tírẹ́ẹ̀dì ṣáàfù (àwọn ìlà yíyí tí nọ́ọ̀tì ń gùn lé) ni wọ́n jọ jáde: irin wẹ́wẹ́ tó rí bí òwú ìránṣọ ń ká bọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń yí i. Ṣáàfù tí kò ní àrùn kankan tẹ́lẹ̀ ni o. Mo ní láti lọ ra òmíràn.

Mẹkáníìkì àgbà kan ládùúgbò wa ló gba nọ́ọ̀tì náà lọ́wọ́ mi, tó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, tó fi èékánná tọ́ka sí etí rẹ̀ níbi tí irin ti tẹ̀ wọnú. Ó ní, "Ọmọ mi, o ò kọ́kọ́ gbé etí ẹ̀ dìde kó o tó fà á."

Láti ọjọ́ náà mo ti tú irú nọ́ọ̀tì yìí nígbà púpọ̀, lára ọkọ̀ tèmi àti lára ọkọ̀ àwọn ará ilé, ṣáàfù kankan kò sì tún bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Apá mi kò le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ètò tí mo ń tẹ̀ lé ló yí padà, òun ni mo fẹ́ kó síwájú yín báyìí, fún ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ ara yín tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe nínú ọgbà ilé yín.

Ṣé ó tilẹ̀ yẹ kí ẹ tú u?

Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀kì lẹ fẹ́ pààrọ̀, tàbí búṣì apá ìsàlẹ̀, tàbí línkì, tàbí ẹnu táì rọ́ọ̀dù, ẹ fi nọ́ọ̀tì ṣáàfù sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Iṣẹ́ yín kò kàn án. Bẹ́árìnì, họ́ọ̀bù (irin àárín tí wọ́n ń de rímù mọ́), ṣáàfù fúnra rẹ̀ àti rọ́bà tó bo gíríìsì orí rẹ̀ ni iṣẹ́ wọn kì í sábà ṣeé ṣe láìtú u. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀ wà láàárín méjì: lára Corolla, orí ṣáàfù máa ń dí ọwọ́ lójú ọ̀nà, àwọn míì á sì tú nọ́ọ̀tì náà kí ààyè lè gbà wọ́n. Ẹ yẹ iṣẹ́ tó wà níwájú yín wò dáadáa kí ẹ tó dá wàhálà yìí sílẹ̀.

Ohun tó mú un le tó bẹ́ẹ̀

Nọ́ọ̀tì yìí ló di ṣáàfù, họ́ọ̀bù àti inú bẹ́árìnì mọ́ra wọn kí wọ́n lè máa yí bí ohun kan ṣoṣo. Nítorí náà ni ilé iṣẹ́ ṣe ń fún un le gidigidi. Ti Corolla 2003 sí 2008 jẹ́ 216 N·m (N·m ni a fi ń wọn agbára yíyí), ti Camry 2002 sí 2006 sì jẹ́ 294 N·m. Kí ó lè yé wa: 294 N·m dà bí ìgbà tí ẹ bá gbé ẹrù 30 kìlò kọ́ ìparí ọ̀pá tó gùn ní mítà kan. Bó ṣe le tó níjọ́ tó jáde ní ilé iṣẹ́ nìyẹn, kí ìpáàrà tó fọwọ́ kàn án rárá.

Tòkunbọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ wa. Èyí tó bá wá láti Kánádà tàbí apá àríwá Amẹ́ríkà ti rìn lórí títì tí wọ́n ń da iyọ̀ sí nígbà yìnyín, iyọ̀ àti omi sì ti jọ jẹ ẹnu ṣáàfù náà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ yín. Tí ìpáàrà bá ti ń hó bí èèpo igi lára apá ìsàlẹ̀, ẹ ti mọ irú nọ́ọ̀tì tó ń dúró dè yín; iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni kí ẹ pè é. Èyí tó lo ayé rẹ̀ ní Texas tàbí Arizona kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣorí kunkun. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Lẹ́kí tàbí Àgbádárìgì, atẹ́gùn òkun náà ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lára irin.

Lẹ́yìn èyí, ẹ rántí pé ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti tú u rí ṣáájú yín, kó sì fi páìpù gígùn dì í padà láìwọn agbára rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ ronú kàn. Nọ́ọ̀tì Corolla àti Camry tí mo dárúkọ jẹ́ 30 mílímítà, onígun méjìlá, nítorí náà sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà kò ní wọ̀ ọ́ láé. Ti Honda míì jẹ́ 32, òmíì 36. Ẹ má fojú díwọ̀n. Ẹ gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì lé nọ́ọ̀tì kí ẹ tó sanwó, tàbí kí ẹ wọn nọ́ọ̀tì tuntun tí ẹ rà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó jinlẹ̀, torí pé ẹnu ṣáàfù máa ń yọ síta. Ẹ ra èyí tó dúdú tó sì nípọn, tí wọ́n ṣe fún ìbọn afẹ́fẹ́ (irinṣẹ́ tí àwọn tó ń ṣe táyà fi ń tú nọ́ọ̀tì). Sọ́kẹ́ẹ̀tì dídán tó fẹ́lẹ́ lè là sí méjì lójú yín.

Ọ̀pá tí ẹ máa fi yí i: èyí tí ẹnu rẹ̀ tó ń wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì jẹ́ 3/4 ínṣì ni mo fara mọ́. Ẹlẹ́nu 1/2 ínṣì ni èyí tèmi tó tẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ wá páìpù irin tó gùn tó mítà kan àti díẹ̀, tó lè wọ̀ ọ́ lára. Ẹ fi ìwọ̀nyí kún un: hámà tó wúwo, ṣísẹ́ẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́, búrọ́ọ̀ṣì onírin, epo WD-40 tàbí irú rẹ̀, awò ojú, òkúta méjì láti dí táyà, sítáǹdì méjì tó lágbára, sípánà torque (èyí tó ń wọn agbára tí ẹ fi ń fún nọ́ọ̀tì), àti nọ́ọ̀tì tuntun. Nọ́ọ̀tì tuntun kì í ṣe àfikún. Kò yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láìní in lọ́wọ́. Nídìí àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí ní Gate n'Íbàdàn, ẹ dárúkọ ọkọ̀ yín àti ọdún rẹ̀, kí ẹ sì mú ti àtijọ́ dání tó bá ṣeé ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí ohun tó tì í pa

Ibí yìí ni èmi ti ṣìnà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká rọra rìn ín.

Ẹ yọ ìdérí àárín rímù. Àwọn ìdérí kan kò ṣeé yọ láti ìta: ẹ ó tú táyà, ẹ ó tì í jáde láti ẹ̀yìn, ẹ ó sì dá táyà padà. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wo nọ́ọ̀tì náà tààrà.

Tí ẹ bá rí fìlà kékeré tó dà bí adé lórí nọ́ọ̀tì, tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ sì gba inú rẹ̀ kọjá, pínnì ni ọkọ̀ yín fi ń tì í. Ẹ nà án tààrà, ẹ fà á yọ, ẹ mú fìlà náà kúrò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí ẹ kò bá rí pínnì, ẹ wo etí nọ́ọ̀tì. Ó ní ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí ẹnu ṣáàfù ká. Ẹ fi ìka tẹ̀ lé e: ní ibì kan, ìka yín á já sínú kòtò. Wọ́n ti fi hámà lu ọrùn náà níbẹ̀ kí ó lè tẹ̀ wọ inú ojú ìlà gbọọrọ tí wọ́n gbẹ́ sára ṣáàfù. Irin tó tẹ̀ wọlé yẹn ló ń sọ pé nọ́ọ̀tì kò ní yí. Tí ẹ bá fi agbára yí i bẹ́ẹ̀, á máa ha tírẹ́ẹ̀dì lọ bí ó ṣe ń jáde, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an nìyẹn.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin nu ojú rẹ̀ kí irin lè hàn. Ẹ gbé ẹnu ṣísẹ́ẹ̀lì sínú ojú ìlà náà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ kọjú sí ṣáàfù, kí ibi tó dagun kọjú sí ọrùn nọ́ọ̀tì. Ẹ fi hámà kàn án díẹ̀díẹ̀, kó, kó, kó, kí ó lè máa wọ abẹ́ irin tó tẹ̀ náà, kí ó sì máa gbé e dìde síta. Kò gbọ́dọ̀ gé tírẹ́ẹ̀dì. Mo máa ń wá ṣísẹ́ẹ̀lì tó fẹ́lẹ́ tó ojú ìlà náà. Nígbà tí n kò rí, mo mú sìkúrù dírafà àtijọ́ kan, mo lọ ẹnu rẹ̀ lórí òkúta títí ó fi wọlé. Ẹ ṣe é títí tí ẹ ó fi rí ìmọ́lẹ̀ láàárín irin náà àti ṣáàfù. Tó bá ku bíńtín tó ṣì kan ìsàlẹ̀, kò tíì tó. Ẹ fi awò sójú, torí irin yìí máa ń ta.

Epo àti sùúrù

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ gbogbo tírẹ́ẹ̀dì tó yọ síta, títí á fi dán. Ìpáàrà àti iyẹ̀pẹ̀ tó wà níwájú nọ́ọ̀tì ni ó máa gùn kọjá bó bá ń jáde, òun náà ló sì máa ń mú un há ní àárín ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ẹ fín epo sí i. Ẹ fi hámà kan ojú nọ́ọ̀tì yíká níwọ̀nba, kí ó kàn máa gbọ̀n, kí epo lè ríbi wọ̀. Ẹ má fi hámà kan ẹnu ṣáàfù.

Wákàtí kan kéré fún ọkọ̀ tó ti dógùn-ún. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń fín in, tí mo bá parí oúnjẹ alẹ́ màá tún fín in, kí n tó sùn màá tún ṣe bẹ́ẹ̀. Epo gíà àti kẹrosíìnì ni àwọn míì ń pò pọ̀, ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra kí epo kankan má dé ojú díìsì bíréèkì tàbí páàdì. Ẹ fi àkísà bò wọ́n.

Ilẹ̀ ni táyà gbọ́dọ̀ wà

Ẹni tó gbé ọkọ̀ sórí sítáǹdì tó wá ń fi páìpù fa nọ́ọ̀tì yìí ń wá kí ọkọ̀ wó lù ú. Ilẹ̀ ni kí táyà wà, kí ìwúwo ọkọ̀ bá yín dì í mú.

Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́, tó sì le. Ẹ fi gíà sí P, tàbí gíà kìíní tó bá jẹ́ onígíà ọwọ́. Ẹ fa hanbíréèkì, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹ̀yìn nìkan ló ń dì mú nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Kí ẹnì kan jókòó sí ààyè awakọ̀ kí ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gbọn-in. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dé ibẹ̀ lè ṣe é. Ẹ má gbára lé P nìkan, ìnira yẹn lè ba inú gíà jẹ́. Níkẹyìn, ẹ kọjú sí táyà, kí ẹ fi òkúta dí i ní apá òsì yín, torí apá ibẹ̀ ló máa fẹ́ yí lọ nígbà tí ẹ bá ń tú nọ́ọ̀tì, ì báà jẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún tàbí ti òsì.

Fún Corolla, Camry àti Accord, ọ̀nà kan náà ni ẹsẹ̀ méjèèjì ń gbà tú, ìyẹn òdì kejì bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ. Ẹ gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé títí dé ìdí, kí ẹ fi hámà kàn án díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá náà na apá òsì yín, kí ó ga díẹ̀ ju àárín táyà lọ, kí ó lè jẹ́ pé ìsàlẹ̀ lẹ ó máa tẹ̀ ẹ́ sí. Ẹ gbé nǹkan sábẹ́ orí sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ó má báa yẹ̀.

Ẹni tó wúwo tó 75 kìlò, tó bá tẹ ìparí ọ̀pá 45 sẹ̀ǹtímítà, agbára tó rí kò ju bíi 330 N·m lọ. Ìyẹn kàn fi díẹ̀ ju ti Camry lọ, a ò sì tíì ka ìpáàrà mọ́ ọn. Ẹ fi páìpù sọ ọ̀pá náà di mítà kan àti ogún sẹ̀ǹtímítà, ẹni kan náà á rí bíi 880. Nítorí náà ẹ kò nílò kí ẹ máa fò lé e. Ẹ dúró kí ẹsẹ̀ yín méjèèjì kanlẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ lé ìparí páìpù, ẹ fi ara tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má jà á. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Á dún kàà bí ẹni ṣẹ́ igi gbígbẹ. Tí ẹ bá gbọ́ ọ, ó ti gbà.

Ẹ dúró níbẹ̀. Ìdá mẹ́rin ìyípo kan ti tó nígbà tí ìwúwo ọkọ̀ ṣì wà lórí táyà. Tí ẹ bá tú u kọjá bẹ́ẹ̀, ohun tó di bẹ́árìnì pọ̀ kò sí mọ́, ìwúwo ọkọ̀ á sì máa tẹ̀ ẹ́ níbi tí kò yẹ. Ẹ má sì ti ọkọ̀ náà síwájú tàbí sẹ́yìn rárá. Ìgbà yìí ni kí ẹ tú nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀, kí ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀, kí ẹ gbé e lé sítáǹdì, kí ẹ wá parí rẹ̀.

Tó bá ṣì kọ̀

Ẹ tún etí nọ́ọ̀tì wò. Nígbà púpọ̀, irin tó tẹ̀ wọlé kò tíì dìde tán.

Tó bá ti mọ́, ẹ gbìyànjú láti mú un le díẹ̀, bíi kí ẹ fẹ́ fún un, kí ẹ tó dá a padà sí ọ̀nà títú. Ìpáàrà máa ń fọ́ bí a bá yí i síwá sẹ́yìn. Ọ̀nà kan náà lẹ ó lò tó bá ti yí díẹ̀ tó sì tún há: ẹ má fipá fà á. Ẹ dá a padà díẹ̀, ẹ fín epo, ẹ tún fà á. Ìdajì ìyípo síwájú, ìdá mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹ fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì. Tó bá gbóná, ẹ sinmi kí ó tutù, torí ooru yẹn ni ó ń jẹ́ kí irin méjì lẹ̀ mọ́ra.

Ìbọn afẹ́fẹ́ tàbí oníbátìrì tó lágbára ń ṣe iṣẹ́ ńlá níbí, torí lílù ni ó ń lu ìpáàrà fọ́. Tí ẹni tó ń ṣe táyà ládùúgbò yín bá ní in, ẹ san owó díẹ̀ kí ó wá fi gbọ̀n ọ́n; ó sàn ju kí ẹ ra ṣáàfù lọ.

Iná ni mo máa ń fi sẹ́yìn pátápátá. Àwọn wẹ́dà tó ń jó irin ọkọ̀ á fẹ́ fi gáàsì wọn yan nọ́ọ̀tì náà. Ó ń tú lóòótọ́, nítorí pé nọ́ọ̀tì á wú díẹ̀ kúrò lára ṣáàfù. Ṣùgbọ́n rọ́bà ẹnu bẹ́árìnì á yọ́, gíríìsì á gbóná, wáyà ABS (ti bíréèkì) tó wà nítòsí á jó, epo tí ẹ ti fín sí i sì lè gbiná. Ẹ gbà á láyè kìkì tí ẹ bá ti pinnu láti pààrọ̀ bẹ́árìnì àti ṣáàfù, kí ẹ nu epo kúrò, kí ẹ sì gbé omi tàbí ẹ̀rọ panápaná sítòsí. Èmi fara mọ́ kí a gé nọ́ọ̀tì: ẹ fi ẹ̀rọ agérin la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan títí tó fi ku díẹ̀ kó kan tírẹ́ẹ̀dì, ẹ wá fi ṣísẹ́ẹ̀lì là á sí méjì. Nọ́ọ̀tì tuntun ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ kò pàdánù nǹkan kan.

Yíyọ ṣáàfù

Nọ́ọ̀tì ti tú, ṣáàfù lè ṣì lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù. Ẹ dá nọ́ọ̀tì padà sórí rẹ̀ kí ó bá ẹnu ṣáàfù dọ́gba, ẹ gbé pákó lé e, ẹ wá fi hámà kàn án. Tí ẹ bá lu ẹnu ṣáàfù láìbò ó, á fẹ̀ bí olú, nọ́ọ̀tì kankan kò sì ní wọ̀ ọ́ mọ́. Bí kò bá mì lẹ́yìn ìlù díẹ̀, ẹ fi púlà, irinṣẹ́ tó ń ti ṣáàfù jáde díẹ̀díẹ̀, tì í. Nígbà tó bá jáde, ẹ fi okùn so ó rọ̀. Ìwúwo rẹ̀ lè fa jọ́ìntì inú yọ tí ó bá ń fì láìsí ohun tó gbé e dúró.

Dídá a padà

Gbogbo epo tí ẹ fín sí i, ẹ nu ún kúrò pátá. Ìwé Toyota sọ pé tírẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ mọ́, kí ó sì gbẹ. Epo lára tírẹ́ẹ̀dì á tan sípánà torque jẹ: nọ́ọ̀tì á ti le ju iye tí ó ń sọ lọ. Ẹ fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì tuntun wọlé títí á fi kan họ́ọ̀bù. Tí kò bá yí fún ọwọ́, ẹ má fi sípánà lé e, tírẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ wò.

Kí ẹni tó ń tẹ bíréèkì padà sí ipò rẹ̀, kí ẹ fún un dé 216 tàbí 294, tàbí iye tó wà nínú ìwé ọkọ̀ yín, kí táyà tó kan ilẹ̀. Tí sítáǹdì bá ń mì, ẹ kọ́kọ́ mú un le dáadáa lókè, kí ẹ sọ táyà sílẹ̀, kí ẹ wá parí rẹ̀ láìti ọkọ̀ náà.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ṣísẹ́ẹ̀lì tí ẹnu rẹ̀ ti kú lu ọrùn nọ́ọ̀tì tẹ̀ wọ ojú ìlà ṣáàfù, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kí ó wọlé dáadáa, kí ó má sì ya. Onípínnì: tí ihò kò bá dọ́gba, ẹ mú nọ́ọ̀tì le sí i títí wọ́n á fi bára mu, ẹ má tú u sẹ́yìn, kí ẹ fi pínnì tuntun sí i.

Nọ́ọ̀tì àtijọ́ tí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò bàjẹ́, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi gíríìsì pa á, kí ẹ gbé e sínú àpótí irinṣẹ́. Òun ni kí ẹ fi bo ẹnu ṣáàfù nígbà mìíràn tí ẹ bá tún fẹ́ fi hámà kàn án.